Láti Àgbàsìn dé Ọjà Ìpín Ìdókòwò: Ọ̀ràn Onígbọ̀wọ́ Nínú Ìtàn Owó Ìdókòwò, Pẹ̀lú Àfiyèsí sí Kìṣí àti Òkè-Ògùn

Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ̀wé nípa ètò ọrọ̀-ajé ilẹ̀ wa ni ó gbà pé òyìnbó ni ó gbé ọjà ìpín ìdókòwò wá, àti pé àìmọ̀wé ni kò jẹ́ kí àgbẹ̀ inú ọ̀dàn bá wọn dá sí i. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èrò yìí, ṣùgbọ́n kò kún tó. Nínú ìwé àpilẹ̀kọ yìí, a ó gbìyànjú láti fi hàn pé ohun mẹ́ta tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa owó ìdókòwò lóde òní, èyíinì ni ìpín nínú ilé-iṣẹ́, ìwé ẹ̀yáwó tí a ń pè ní bọ́ǹdì, àti àpò ìdókòwò àjùmọ̀ní, kò ṣàjèjì sí ìrònú àwọn baba wa. Wọ́n mọ bí a ti ń fi ohun ìní ẹni sí ọwọ́ ẹlòmíràn kí ó lè bí sí i. Wọ́n mọ bí a ti ń yáni lówó tí èlé yóò fi máa wọlé. Wọ́n sì mọ bí a ti ń da owó pọ̀. Ohun tí ó yí padà ni onígbọ̀wọ́: ta ni a ó dì mú bí àdéhùn bá yẹ̀?

Kìṣí ni a fi ṣe ojú ìwòye wa. Ìlú yìí, tí Ìbà ń jọba lé lórí, ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀ ní ìhà àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kò sì jìnnà sí ààlà Ìpínlẹ̀ Kwara. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀gúsí àti gbágùúdá ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbìn. Igi ẹmi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí ń hù ní ilẹ̀ náà, àwọn darandaran Fúlàní sì wà ní sàkáání rẹ̀. Ó jìnnà sí Èkó níbi tí wọ́n ti dá ọjà ìpín sílẹ̀, ó sì jìnnà sí Ìbàdàn pẹ̀lú. Nítorí jíjìnnà yìí gan-an ni ó fi dára láti fi wo ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ibi tí ọwọ́ òfin kò ti tètè tó ni a ti ń mọ bí onígbọ̀wọ́ ti ṣe pàtàkì tó.

Àgbàsìn àti Ìpín Ìdókòwò

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹran ọ̀sìn. Bí ẹnì kan bá ní abo ewúrẹ́ tí kò sì ráyè tọ́jú rẹ̀, yóò fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ó máa bá òun sìn ín. Bí ẹran náà bá bímọ, olówó ẹran àti olùtọ́jú yóò pín ọmọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe àdéhùn. Èyí ni a ń pè ní àgbàsìn. Irú rẹ̀ wà nínú màlúù pẹ̀lú: àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò Òkè-Ògùn a máa fi màlúù wọn sí ọwọ́ darandaran, wàrà a sì jẹ́ apá kan nínú owó ọ̀yà olùtọ́jú náà.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a kíyè sí nínú àgbàsìn. Èkíní ni pé olùtọ́jú kò ṣèlérí iye ọmọ tí ẹran yóò bí. Èkejì ni pé bí àrùn bá pa ẹran náà láìjẹ́ pé olùtọ́jú ṣe àìbìkítà, olówó ẹran ni ó pàdánù. Ẹ̀kẹta ni pé olówó ẹran kò lè pàdánù ju ẹran tí ó fi sílẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kì í wá gba ilé rẹ̀ nítorí pé ewúrẹ́ rẹ̀ kú.

Bí a bá mú ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ kúrò tí a sì fi ilé-iṣẹ́ rọ́pò rẹ̀, ohun tí ìpín ìdókòwò jẹ́ gan-an nìyí. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá pín ara rẹ̀ sí ọ̀nà 1,000, tí ẹnì kan sì ra 100 nínú rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá ilé-iṣẹ́ náà di tirẹ̀. Ọ̀nà méjì ni èrè lè gbà wọlé fún un. Bí ilé-iṣẹ́ bá jèrè tí àwọn olùdarí sì pinnu láti pín nínú rẹ̀, yóò gba èrè ìpín tirẹ̀; èyí dà bí ọmọ ẹran. Bí iye tí àwọn ènìyàn fẹ́ fi ra ìpín náà bá sì lọ sókè, ó lè tà á ní iye tí ó ju èyí tí ó rà á lọ. Èyí dà bí ẹran tí ó sanra. Bí ilé-iṣẹ́ bá wó, gbogbo àwọn tí ilé-iṣẹ́ jẹ ní gbèsè ni yóò kọ́kọ́ gba tiwọn kí ó tó kan onípìn-ín. Onípìn-ín ni ó ń jẹ ìkẹyìn, òun náà ni kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé èrè rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá iye báyìí.

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà ṣá. Olówó ẹran tí ó bá fẹ́ owó rẹ̀ ní láti lọ mú ẹran rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ olùtọ́jú. Onípìn-ín kì í gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Ẹlòmíràn ni yóò ta ìpín rẹ̀ fún, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kò sì ní dúró nítorí rẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn oníṣòwò Amsterdam ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpín ilé-iṣẹ́ òwò Ìlà-Oòrùn tí àwọn ará Netherlands dá sílẹ̀ ní ọdún 1602 láàrin ara wọn ni ọjà irú èyí ti fìdí múlẹ̀ láyé.

Ìwọ̀fà, Sọ́gundogójì àti Ìwé Ẹ̀yáwó

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀yáwó. Nínú ètò ìwọ̀fà àtijọ́, ẹni tí ó yá owó yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ní oko olówó ni èlé. Iṣẹ́ náà kì í dín ojú owó kù rárá. Bí ìwọ̀fà tilẹ̀ sin olówó fún ọdún mẹ́wàá, gbogbo ojú owó ni a gbọ́dọ̀ san pé kí ó tó gba ara rẹ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣe àlàyé ètò yìí, ó sì ṣe àlàyé èésú pẹ̀lú. Ìnira ńlá ni ìwọ̀fà jẹ́ fún ọmọ ènìyàn, ó sì dára bí a ti fi òpin sí i díẹ̀díẹ̀ ní ayé ìjọba amúnisìn. Ìrísí gbèsè inú rẹ̀ nìkan ni ó kàn wá níhìn-ín.

Ìrísí náà ni pé èlé dá dúró lọ́tọ̀, ojú owó sì dá dúró lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bọ́ǹdì rí. Ẹni tí ó ra bọ́ǹdì yá ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ lówó. A ti sọ iye èlé fún un ṣáájú. A ó máa san án fún un ní àkókò tí a dá, bí àpẹẹrẹ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ní ọjọ́ tí àdéhùn bá pé, a ó san ojú owó rẹ̀ padà. Bí ayáwó bá jèrè rẹpẹtẹ, èlé ayánilówó kì í fi kọ́bọ̀ lé sí i. Bí ayáwó kò bá sì jèrè, ó ṣì gbọ́dọ̀ san án. Nítorí náà ìbẹ̀rù inú bọ́ǹdì kéré sí ti ìpín, èrè rẹ̀ sì ní ààlà.

Àwọn baba wa mọ ẹ̀yáwó tí ó kọjá ààlà pẹ̀lú, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ. Sọ́gundogójì ni wọ́n ń pè é: ẹ̀yáwó tí ń sọ ogún di ogójì. Kò sí ìyìn nínú orúkọ náà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé owó tí ó bá di ìlọ́po méjì ní kíá, ó ní ẹni tí ó ń jẹ ìyà rẹ̀ níbì kan. A ó tún padà sí orí ọ̀rọ̀ yìí.

Èésú, Àjọ àti Dída Owó Pọ̀

Ọ̀nà kẹta ni dída owó pọ̀. William Bascom kọ àpilẹ̀kọ kan lórí èésú Yorùbá ní ọdún 1952, ó sì pè é ní ètò ẹ̀yáwó. Ó tọ̀nà. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń dá ₦5,000 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò kó ₦50,000 lẹ́ẹ̀kan láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o ti yá owó lọ́wọ́ àwọn mẹ́sàn-án yòókù láìsan èlé. Ẹni tí ó kó o kẹ́yìn ti yá gbogbo wọn lówó láìgba èlé. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni pé wọ́n mọ ilé ara wọn. Ètò yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí a kó lẹ́rú sọdá òkun fi mú un lọ. Ní Trinidad títí di òní, susu ni wọ́n ń pè é.

Ti àjọ yàtọ̀ díẹ̀. Alájọ ń gba owó lọ́wọ́ oníkálùkù lójoojúmọ́, ó sì ń dá a padà ní òpin oṣù lẹ́yìn tí ó bá ti yọ owó ọ̀yà tirẹ̀. Òkìkí Alájọ Ṣómólú ní Èkó, ẹni tí a fi ń ṣe àpẹẹrẹ orí pípé títí di òní, fi hàn pé orúkọ rere ni gbogbo ohun tí alájọ ní láti fi ṣe onígbọ̀wọ́.

Síbẹ̀, èésú àti àjọ kì í bí owó. Iye tí a dá ni a ń kó, bí ọjà bá sì ti gbówó lórí kí ó tó kan ẹni ìkẹyìn, owó rẹ̀ ti dín kù ní agbára bí iye rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà. Àpò ìdókòwò àjùmọ̀ní ni èésú tí a rán lọ sí oko. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò da owó wọn pọ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà yóò fi í ra ìpín ilé-iṣẹ́ oríṣiríṣi, tàbí bọ́ǹdì, tàbí méjèèjì. Bí gbogbo ohun tí ó wà nínú àpò náà bá tó ₦10,000,000, tí a sì pín in sí ẹyọ 100,000, ẹyọ kan yóò jẹ́ ₦100. Bí ohun inú àpò bá gbèrú di ₦12,000,000 láìsí ẹni tí ó fi owó tuntun kún un, ẹyọ kan di ₦120; bí ó bá sì lọ sílẹ̀ di ₦9,000,000, ẹyọ kan di ₦90.

Àǹfààní àpò yìí kò ṣòro fún àgbẹ̀ Kìṣí láti mọ̀. Àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kì í gbin ẹ̀gúsí nìkan sí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Ó lè fi ẹ̀gúsí sáàrin iṣu, kí ó dá ọkà bàbà sí ibòmíràn, kí ó sì ní oko etílé àti oko ẹgàn, nítorí pé ọ̀dá tí ó pa ọ̀kan lè ṣàì pa èkejì. Ẹni tí ó ní ₦5,000 péré kò lè dá ra ìpín ilé-iṣẹ́ ogún, ṣùgbọ́n àpò àjùmọ̀ní lè bá a rà wọ́n. Ohun tí ó tún yẹ kí a tẹnu mọ́ ni pé òfin kò gbà kí ẹni tí ń darí àpò náà jẹ́ ẹni kan náà tí ń pa ohun inú rẹ̀ mọ́. Olùdarí ń pinnu ohun tí a ó rà. Alágbàtọ́ tí ó dá dúró lọ́tọ̀ ni ó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn tí ó dá owó. Ọwọ́ méjèèjì yìí ni ó wà lára alájọ ẹnì kan ṣoṣo, nítorí náà ni owó fi ń bá alájọ lọ bí ó bá sá lọ. Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kí ó má ní ààlà.

Bí Ìwé Ṣe Rọ́pò Ojúlùmọ̀

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a wo bí ètò orí ìwé ti dé. Ìpàdé ti àtijọ́ àti ti òde òní ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Lẹ́yìn àbọ̀ ìwádìí tí C. F. Strickland kọ ní ọdún 1934, ìjọba amúnisìn ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ọdún 1935. Òfin náà mú èésú ìlú, ó fi ìwé ìṣirò owó, olùyẹ̀wò àti ìforúkọsílẹ̀ kún un. Onígbọ̀wọ́ ṣì jẹ́ aládùúgbò, ṣùgbọ́n ìjọba ti ń wo ìwé rẹ̀. A lè sọ pé òun ni àtẹ̀gùn tí ó dára jù lọ tí a ṣe fún ará ìgbèríko láti gun orí ètò owó òde òní.

Àwọn àtẹ̀gùn yòókù ga jù ú lọ. Ní ọdún 1946 ni ìjọba kọ́kọ́ ṣe òfin láti yá owó lọ́wọ́ àwọn tí ó wà nínú Nàìjíríà fúnra rẹ̀: £300,000, pẹ̀lú èlé 3¼ nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Kò sí ọjà tí a ti lè ta irú ìwé ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn ní Nàìjíríà nígbà náà. Ní ọdún 1947 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó sílẹ̀. Owó tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ náà ti san iye tí ó fẹ́ san fún àgbẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ra ìwé ẹ̀yáwó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìtumọ̀ èyí ni pé àgbẹ̀ kòkó Ìwọ̀-Oòrùn ti di ayánilówó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láìmọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé kankan kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó fi hàn pé ó yáni lówó.

Ní ọdún 1958 ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n R. H. Barback ṣe alága rẹ̀ dìde láti wò ó bóyá ó yẹ kí ọjà ìpín wà. Ní ọdún 1960 ni wọ́n forúkọ Ilé Ọjà Ìpín Èkó sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1961 pẹ̀lú oríṣi ìwé ìdókòwò 19, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìwé ẹ̀yáwó.

Ọ̀rọ̀ ewé tábà ni ó mú ọjà yìí sún mọ́ Òkè-Ògùn jù lọ. Ilé-iṣẹ́ sìgá British American Tobacco dé Ìbàdàn ní ọdún 1937. Ní ọdún 1951 ni Nigerian Tobacco Company bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìsẹ́yìn di ibùdó pàtàkì fún ríra ewé tábà. Ilé-iṣẹ́ a máa fún àgbẹ̀ ní irúgbìn àti ajílẹ̀ ní àwìn, a sì yọ owó rẹ̀ kúrò nígbà tí ó bá ra ewé ní iye tí ó bá ipò ewé náà mu. Wọ́n ń ta ìpín ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ní ọjà Èkó. Nípa báyìí, ẹni méjì ni ó ń jẹ lára ewé kan ṣoṣo: àgbẹ̀ tí ó gba owó ewé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àti onípìn-ín tí ó gba èrè ìpín láìrí oko rí. Kò sí òfin kan tí ó sọ pé àgbẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ di onípìn-ín. Ṣùgbọ́n alágbàtà wà ní Èkó, ìwé ìbéèrè wà ní báńkì, báńkì sì jìnnà.

Òfin 1972 àti 1977, àti Títa Ilé-iṣẹ́ Ìjọba

Ìjọba Ọ̀gágun Gowon ṣe òfin ní ọdún 1972 pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà gba òwò ilẹ̀ wọn. Òwò 22 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọ onílẹ̀ nìkan. Nínú òwò 33 mìíràn, àjèjì kò gbọ́dọ̀ ṣe é bí ilé-iṣẹ́ náà kò bá tóbi dé ìwọ̀n tí òfin sọ; bí ó bá sì tóbi dé ibẹ̀, ọmọ onílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 40 nínú ọgọ́rùn-ún nínú rẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 1974 ni wọ́n fi gbèdéke sí. Ní ọdún 1977, òfin mìíràn tún mú kí ìpín ọmọ onílẹ̀ pọ̀ sí i. Ìgbìmọ̀ ìjọba ni ó ń fi iye lé ìpín tí wọ́n fẹ́ tà fún gbogbo ènìyàn, iye náà a sì máa kéré, nítorí náà ẹni tí ó bá rí i rà jèrè láti ọjọ́ tí ó ti rà á.

Ta ni ó rí i rà? Àwọn òpìtàn àti onímọ̀ ọrọ̀-ajé tí ó ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò fẹnu kò pé ọwọ́ àwọn díẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìpín náà bọ́ sí: àwọn oníṣòwò ńlá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba onípò gíga, àti àwọn tí báńkì lè yá lówó, pàápàá ní Èkó. Báńkì ń béèrè ohun ìdúró, ilẹ̀ oko tí ó jẹ́ ti ẹbí kò sì ní ìwé tí báńkì yóò gbà. Ní ìgbèríko, owó wà nínú àká iṣu àti nínú agbo ẹran. Kò wà níbi tí ètò náà ti lè rí i. Ní ọdún 1977 náà ni Ilé Ọjà Ìpín Èkó di Ilé Ọjà Ìpín Nàìjíríà, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹ̀ka sí ìlú mìíràn. Ìbàdàn kò ní ẹ̀ka títí di ọdún 1990.

Ọ̀nà là díẹ̀ nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Babangida ṣe òfin ní ọdún 1988 láti ta ìpín ìjọba nínú ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́. Hamza Zayyad ni alága ìgbìmọ̀ tí ó bójú tó o, ìpín Flour Mills of Nigeria sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní ọdún 1989. Ìgbà yẹn ni ìpín dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ kékeré, tí iye àwọn onípìn-ín tuntun fi ju 800,000 lọ. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ìpín àti ìwé owó èrè ń gba ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹni tí ó bá ṣí kúrò ní àdírẹ́sì rẹ̀, tàbí tí ó kú láìsọ fún ọmọ, èrè rẹ̀ kò rẹ́ni gbà á. Irú owó bẹ́ẹ̀ ti ju ₦100 bílíọ̀nù lọ nígbà tí òfin ìṣúná ọdún 2020 sọ pé kí èrè ìpín tí ó bá ti pé ọdún mẹ́fà láìrí olówó rẹ̀ bọ́ sí àpò àkànṣe lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba. Ìwé ti rọ́pò ojúlùmọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé kì í wá onílé lọ bí olórí èésú ti ń ṣe.

Nípa ti àpò àjùmọ̀ní, òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 1990 ni ó fún un ní ìpìlẹ̀ tí ó dúró, kí òfin ìdókòwò ọdún 1999 tó gbà á. Àjọ tí ń ṣàkóso ọjà ìdókòwò, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1979, ni ó gbọ́dọ̀ forúkọ àpò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.

Ìṣubú 2008 àti Àwọn Ayédèrú Àpò

Ìṣubú ọjà ní ọdún 2008 kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ohun tí àgbàsìn ti kọ́ wa: ẹran lè kú. Òṣùwọ̀n gbogbo ìpín ní ọjà Èkó ti kọjá 66,000 ní oṣù kẹta ọdún 2008. Nígbà tí oṣù kẹta ọdún 2009 fi ń parí, kò tó 20,000 mọ́. Ohun tí ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ ti parẹ́. Ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ rà á pàdánù, ṣùgbọ́n kò jẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ìyà náà dùn jù ni àwọn tí wọ́n yá owó ní báńkì láti fi ra ìpín: ohun tí èrè rẹ̀ kò dájú ni wọ́n fi gbèsè tí èlé rẹ̀ dájú rà. Gbèsè wọn dúró sí ipò rẹ̀ nígbà tí ìpín wọn ti di eruku, díẹ̀ ni ó sì kù kí ó gbé àwọn báńkì kan lọ.

Bọ́ǹdì náà ní àléébù tirẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta bọ́ǹdì ìfowópamọ́ tí ẹni tí ó ní ₦5,000 lè rà. Ohun ìyìn ni èyí. Èlé àkọ́kọ́ rẹ̀, fún ọdún méjì, jẹ́ 13.01 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ní oṣù kan náà, ìgbówólórí ọjà wà ní ohun tí ó lé ní 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó rà á gba gbogbo èlé tí a ṣèlérí, síbẹ̀, bí ọjà bá ń gbówó lórí ní ìwọ̀n yẹn, ohun tí ojú owó àti èlé rẹ̀ lè rà yóò dín kù. Ó sàn ju kí owó wà lábẹ́ ìrọ̀rí lọ, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tí ó dájú kò lè dín kù.

Níkẹyìn ni ọ̀rọ̀ àwọn gbájúẹ̀. Ní ọdún 2016, ètò kan tí wọ́n ń pè ní MMM ṣèlérí èrè 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ owó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, èyí tí wọ́n ń pè ní CBEX wó lulẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti ṣèlérí pé owó yóò di ìlọ́po méjì láàrin ọgbọ̀n ọjọ́. Àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ₦10,000 bá ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù, ní òpin oṣù kejìlá yóò di ₦40,960,000. Kò sí oko, kò sí òwò, kò sí ilé-iṣẹ́ tí ń so irú èso bẹ́ẹ̀. Sọ́gundogójì náà ni ó padà dé, àfi pé nísinsìnyí, ẹni tí ń dá owó ni wọ́n sọ fún pé òun ni yóò jẹ èlé náà. Owó ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n fi ń san ti ẹni tí ó ti wà níbẹ̀, títí ẹni tuntun yóò fi tán.

Èéṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí àwọn ọ̀mọ̀wé wà lára wọn, fi kó sí i? Ìdáhùn tiwa ni pé irú ètò bẹ́ẹ̀ yá aṣọ èésú wọ̀. Ọ̀rẹ́ ni ó mú ọ̀rẹ́ wá, ará ilé ni ó mú ará ilé wọ̀ ọ́, nítorí náà ó dà bí ẹni pé ojúlùmọ̀ wà níbẹ̀. Ó sì yá aṣọ ìwé wọ̀ pẹ̀lú: iye owó ń hàn lójú fóònù, ó ń lọ sókè lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ojúlùmọ̀ ẹnikẹ́ni, àjọ tí ń ṣàkóso ọjà kò sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Onígbọ̀wọ́ àtijọ́ kò sí níbẹ̀, ti òde òní kò sì sí. Òfin ìdókòwò tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2025 ti sọ irú ètò bẹ́ẹ̀ di ọ̀ràn tí ó lè gbé ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ lẹ́yìn tí owó ti lọ ni ẹ̀wọ̀n ń dé.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a ti ń sọ bọ̀ ni pé ìmọ̀ ìdókòwò kò ṣàjèjì sí àwọn ará Òkè-Ògùn. Ẹni tí ó mọ àgbàsìn ti mọ ìpín. Ẹni tí ó mọ bí èlé ti ń dá dúró lọ́tọ̀ sí ojú owó ti mọ bọ́ǹdì. Ẹni tí ó ti dá èésú tí ó sì ń da irúgbìn pọ̀ lóko ti mọ àpò àjùmọ̀ní. Ohun tí ìtàn kò fún wọn ni ọ̀nà tí ó súnmọ́ ilé. Láàrin ọdún 1946 àti 1990, ètò ìdókòwò gbèrú ní Èkó, ó sì béèrè ohun tí ará ìgbèríko kò ní. Nígbà tí fóònù wá gbé ọjà náà dé Kìṣí, àwọn gbájúẹ̀ ti gba ọ̀nà kan náà wọlé.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí àwọn tí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí ní ìgbèríko má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tí ó ṣàjèjì, kí wọ́n sì fi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe ojú ọ̀nà. Ìbéèrè mẹ́ta tí olówó ẹran ń béèrè kí ó tó fi màlúù rẹ̀ sílẹ̀ tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ta ni ohun ìní mi yóò wà? Kí ni yóò máa jẹ tí yóò fi bímọ? Bí ó bá sọnù, ta ni mo lè pè lẹ́jọ́, níwájú ta sì ni? Bí ìdáhùn sí ẹ̀kẹta kò bá sí, kí olówó mú ẹran rẹ̀ padà sílé.